Ewé Dà?

Kí bàbá mi tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó kú sójú títì, ewé ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Ìbáà jẹ́ òjò ló ń rọ̀, ìbáà jẹ́ pé àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò ní wo ẹ́ńjìnnì. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, yóò wo ẹ̀yìn, yóò wo iwájú, yóò wá yíjú sí ọmọ ọkọ̀: "Ewé dà?" Bí ọmọ ọkọ̀ bá ní òun kò tíì já ewé, bàbá mi á na àdá sí i. "Lọ já a wá. Òkú kì í sá lọ."

Fìdítì ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ fìtà ni bàbá mi ń ṣe. Ìyá mi ń ta òroǹbó. Àwọn ará Èkó ń pè é ní ọsàn, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa ọsàn ni agbálùmọ̀, òroǹbó sì ni òroǹbó. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò ju páànù mẹ́rin lórí òpó igi, àtẹ ìyá mi sì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré kọjá kì í ra òroǹbó. Ọkọ̀ tí omi rẹ̀ ń hó, tí awakọ̀ rẹ̀ jókòó sórí òkúta tó ń fi fìlà fẹ́ ojú, èrò inú rẹ̀ ni oníbàárà ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó dákú ṣe bọ́ wa, òun ló rán mi dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nítorí náà ni mo ṣe mọ ìtàn rẹ̀, tí mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ó tó parẹ́.

Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó dúró sí ná. Ẹni tó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ á fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun ẹṣin, alárù á sì ru ẹrù rẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1906, tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà, tí Aláàfin Láwànì Agógo-Ìjà sì wà lórí ìtẹ́, wọ́n ti la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, nǹkan bíi máìlì 30 àti díẹ̀. Òun ni àwọn òpìtàn ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Kò pẹ́ sí i tí ìjọba fi gbé ọkọ̀ akẹ́rù sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí mi ò rí ẹni tó ń rò ó: bí ọ̀nà mọ́tò ti kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó ní láti jẹ́ pé lára àwọn ibi tí mọ́tò ti kọ́kọ́ kú sójú ọ̀nà ní ilẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wa wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dúró yí irin tútù ká, tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i, àwọn baba ńlá àwọn ará Fìdítì, Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìlọrà ni.

Lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́, ọkọ̀ Ford pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, kò ní pọ́ǹpù epo. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni táńkì ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Epo ń ṣàn fúnra rẹ̀ lọ bá kábúrétọ̀ bí omi ṣe ń ṣàn láti òkè wá sí ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá gbójú sókè níbi tó ga, tí epo inú rẹ̀ kò pọ̀, kábúrétọ̀ á ga ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú láàárín òkè. Ọgbọ́n tí àwọn awakọ̀ dá sí i ni pé wọ́n á yí ọkọ̀ padà, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ gun òkè. Àwọn àgbà máa ń sọ fún wa pé àwọn ti rí mọ́tò tó ń fẹ̀yìn rìn gun òkè rí. Àwa ọmọdé rò pé àlọ́ ni.

Epo fúnra rẹ̀ tún ń pa ẹ́ńjìnnì. Inú garawa ni bẹntiróò ń wá nígbà náà, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin-mẹ́rin, garawa méjì nínú àpótí pákó kan. Ìdọ̀tí ìpẹtà àti omi kò wọ́n nínú rẹ̀. Awakọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ á fi awọ rírọ̀ tàbí aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ kó tó dà á sí táńkì. Èyí tí kò bá sẹ́ ẹ, omi díẹ̀ ti tó láti dá a dúró ní àárín ọ̀nà. Oòrùn náà ń ṣe tirẹ̀: bí ọ̀sán bá mú, epo á hó nínú páìpù kó tó dé ibi tó ń lọ, èéfín rẹ̀ á dí ọ̀nà, ọkọ̀ á fà, á wúkọ́, á sì kú. Bàbá mi ní àkísà kan tó máa ń rì sínú omi, tó máa ń dì mọ́ pọ́ǹpù epo. "Ó ń mí ni," ó máa ń sọ fún awakọ̀. "Ẹ fún un láyè." Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ọkọ̀ á jí, ìyá mi á sì ti ta agbọ̀n kan.

Jíjí ọkọ̀ pàápàá ń pani lára. 1912 ni Cadillac ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí iná bátìrì ń jí, ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì ọ̀dọ̀ wa ṣì ń lo irin ọlọ́wọ́ títí mo fi gbọ́njú. Ẹnìkan ní láti dúró síwájú ọkọ̀ gan-an kó máa yí irin náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin á gbá a lápá. Bí awakọ̀ bá gbàgbé jíà sínú ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì jí lójijì, ọkọ̀ á fò mọ́ ẹni tó ń yí i. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kò nà tán látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọdún tí mo ti ń bọ́ sí kíláàsì kẹta ni mo tó gbọ́ pé irin ọlọ́wọ́ lọ́rì ló ṣẹ́ ẹ, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọkọ̀.

Ìgbà ogun Hitler ló ṣe ọmọ ọkọ̀, nígbà tí ìjọba ń wọn bẹntiróò fúnni. Iṣẹ́ mọ́tò ti di iṣẹ́ ńlá nígbà náà: Sàláámì Àgbàjé ti fi ọkọ̀ àti òwò di ọlọ́rọ̀ ní Ìbàdàn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀wádún 1930, kó tó lọ kọ́ òfin. Nítorí epo tó wọ́n, àwọn awakọ̀ kọ́ ìwà kan tí kò tíì kúrò lára wọn di òní: bí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ọkọ̀ sí fíríì, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bàbá mi sọ pé ọ̀gá òun ń ṣe é, ẹ̀rù sì máa ń ba òun débi pé òun á ti na ẹsẹ̀ kan síta láti fò. Lọ́rì ẹlẹ́rù tí jíà kò dì mú, bíréékì nìkan ló kù fún un. Bíréékì àtijọ́ sì ń gbóná, á yọ̀. Ẹni tó pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ láti fi epo kọ́bọ̀ mélòó kan pamọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

Bí lọ́rì bá kú níbi tó ń gun òkè, wẹ́ẹ̀jì ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bọ́lẹ̀kájà rí á rántí ọmọ ọkọ̀ tó ń so rọ̀ lẹ́yìn, tí igi onígun mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní dúró kí ọkọ̀ dúró tán kó tó fò sílẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́. Bó bá ti gbọ́ tí ohùn náà rẹlẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ni àǹfààní tó ní. Bí igi bá bọ́ sábẹ́ táyà, ogójì èèyàn àti àpò ẹ̀gẹ́ dúró. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ á máa fẹ̀yìn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ewé wá ńkọ́? Mi ò rí ìwé kan tó sọ ẹni tó kọ́kọ́ já ewé sójú títì, ṣùgbọ́n mi ò rò pé a nílò ìwé. Ìran tó ń pàrokò ni wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ kúrò lára igi èso tàbí ẹrù tó kó sílẹ̀ á fi àálè sí i, ẹni tó bá rí i ti mọ̀. Màrìwò lẹ́nu ọ̀nà igbó sọ fún ọ pé má wọ ibẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, tí ó sì kú sójú ọ̀nà, a ti ní èdè tí a fi máa sọ ọ́: ewé tútù níbi tí ewé kò yẹ kó wà. Ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò lóye rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ewé Akíntọ́lá ló wọ́pọ̀ jù létí títì, igbó tó ń hù kíákíá yẹn tí àwọn èèyàn sọ lórúkọ olóṣèlú. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í pẹ́ rọ. Ẹ̀ka dóńgóyárò ló fẹ́, èyí tó gùn tó apá, kí ó sì wé mọ́ra.

Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ewé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìdí ọkọ̀ tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ìṣísẹ̀ àgbà. Èkejì á wà ní àádọ́ta. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e wá sí ìdí ọkọ̀, kí wọ́n máa wọ ojú títì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ darí ẹni tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sẹ́yìn kọ́nà tàbí sí ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ewé àkọ́kọ́ á rékọjá kọ́nà náà, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ tàbí igba. Lóru, fìtílà á wà níbi ewé, kò ní wà nídìí ọkọ̀ tí epo lè máa jò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ tàbí jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ẹni tó já ewé ni yóò kó ewé. Bí ọkọ̀ bá ti jí, kó rìn padà lọ kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ṣe é. Wọ́n á fi ewé àti òkúta sílẹ̀, wọ́n á lọ. Ìyẹn ń bí bàbá mi nínú ju ọkọ̀ tí wọn kò sanwó rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá rí ewé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò rí ọkọ̀ níwájú rẹ̀, ní ìgbà kẹrin kò ní gbà á gbọ́ mọ́.

Mo mọ ibi tí òfin "má sùn sábẹ́ ọkọ̀" ti wá. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ jẹ́ ọmọ ọkọ̀. Lọ́rì tí ọ̀rẹ́ náà bá lọ kú lóru ní ọ̀nà Ìlọrà. Awakọ̀ lọ wá fìtà, ọmọkùnrin yìí tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, ó sùn, bí gbogbo ọmọ ọkọ̀ ti ń ṣe nígbà náà. Kò sí ewé, kò sí iná. Lọ́rì mìíràn wá láti ẹ̀yìn. Bàbá mi kò sọ ju ìyẹn lọ fún mi láyé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú kò pa ọmọkùnrin náà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yè ló pa á.

Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà yí láti apá òsì ojú títì sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń rọra kọjá bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn. Ó dìde, ó rìn lọ sí apá kejì ọ̀nà, ó ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ó padà wá. "Gbogbo rẹ̀ ti yí," ló sọ. Láti ọ̀la, ewé á máa lọ sí apá kejì, a ó sì máa já a láti inú igbó tí a kò já ewé nínú rẹ̀ rí.

Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, òun kan náà ni alága àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ ní C-caution, onígun mẹ́ta pupa tó ń tàn bí iná bá kàn án. Ó dára. Ó ń tàn lóru, ewé kì í tàn. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gba nǹkan ọwọ́ náà, wọn kò gba ìrìn tó bá a lọ. Ẹ wo C-caution lójú títì lónìí: ìdí ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé e sí, ìṣísẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ bàbá mi jẹ́ bíi mítà 75. Lọ́rì tó ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan ń lọ mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà awakọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀ láàárín ewé àti ọkọ̀ tó kú. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 lónìí ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ewé bàbá mi, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Kí ojú rí i, kí ọkàn mọ̀ ọ́n, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréékì, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Ọgọ́rùn-ún kò tó mọ́. Igba ó lé ni. Ìṣísẹ̀ márùn-ún wá ńkọ́?

Ọkọ̀ ayé òde òní náà ń kú. Ní Amẹ́ríkà ní 2014, General Motors pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.6 padà nítorí ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀: bí ìdì kọ́kọ́rọ́ bá wúwo tàbí tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, kọ́kọ́rọ́ lè yí padà, ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré, báàgì afẹ́fẹ́ kò sì ní tú nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Òkú 124 ni wọ́n san owó gbà-máà-bínú lé lórí. Nílé níbí, ní oṣù kejì 2022, ìjọba gbà pé bẹntiróò tí mẹ́táńọ̀ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ìlú.

Oṣù yẹn gan-an ni tèmi kú. Èmi àti ọmọ ọmọ mi, Àkànní, ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Ọ̀yọ́. Mo ra epo ní ilé epo kan ní Ìbàdàn, a gba ọ̀nà oníbejì tuntun. A ti kọjá Fìdítì, à ń súnmọ́ Ìlọrà, kìlómítà 90 ni mò ń sá, nígbà tí ọkọ̀ fà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo iná pupa dáṣíbọ́ọ̀dù tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ́ńjìnnì sì lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani jù: táyà nìkan ni ò ń gbọ́, àti afẹ́fẹ́. Sitiárì le bí igi, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń ràn án lọ́wọ́. Bíréékì ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni agbára tó kù nínú rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, á le bí òkúta. Mi ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, nítorí bí mo bá yí i kọjá ààyè, sitiárì lè tì pa. Mo tan iná ìkìlọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa sitiárì sí apá ọ̀tún, mo jẹ́ kí ọkọ̀ yí lọ dé etí ọ̀nà, mo wá tẹ bíréékì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì dì í mú.

Àkànní fò sílẹ̀, ó gbé C-caution lọ sẹ́yìn, mo sì ní kó máa lọ, kó máa lọ sí i. Ó gbé e kalẹ̀. Tírélà kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé e ṣubú sínú kòtò. Ó gbé e dìde, òmíràn kọjá, ó tún ṣubú.

"Ewé dà?" Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo là á.

"Ewé kí ni, Màmá?"

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Mo fi dóńgóyárò kan hàn án lẹ́yìn kòtò. A kò ní àdá. Ọwọ́ ló fi ṣẹ́ ẹ, ó gun igi náà pẹ̀lú bàtà òde ìsìnkú lẹ́sẹ̀. Mo ní kó má yíjú kúrò lára ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó máa rìn lórí koríko, kó máa kà. Ó ka igba àti ogún kó tó fi èyí àkọ́kọ́ lélẹ̀. Mo dúró sórí koríko jìnnà sí ọkọ̀, mò ń wo tírélà kan tó ń sáré bọ̀. Ó rí ewé náà. Mo rí i tí iwájú rẹ̀ yí díẹ̀ sí apá òsì, tó sì fi àyè sílẹ̀ fún wa.

Mẹkáníìkì tó wá láti Ìlọrà bu epo inú táńkì sínú ìgò omi, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó pín sí méjì: èyí tó wà lókè pọ́n díẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́ bí omi. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn mi orí. Ó di alẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tó fà wá. Àkànní ti jókòó, ó ti ti ilẹ̀kùn, nígbà tí mo sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀ ká lọ kó ewé. Mẹ́sàn-án ni a já. A kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dà wọ́n sínú igbó.